Agbo Òkúta Lórí Iyanrìn

Ojú ọ̀run funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òjò ò rọ̀, afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ewé igi iwájú ilé ọmọ mi ní Mitchellville, ní Amẹ́ríkà níbí, ò sì mì rárá, àfi bíi pé wọ́n yà á sára ògiri. Mo ṣí fèrèsé, mo tún un tì kíá, nítorí ooru ìta ti ju ti inú ilé lọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Ọjọ́ tó bá ti jí báyìí, omi ni ènìyàn ń mú dání. Mo rọ omi sínú ìgò, mo fi aṣọ wé e kó má baà gbóná, mo wọ bàtà tí kì í yọ̀, mo ká ẹní ìkírun mi sínú báàgì. Kò sí ohun tó ń bí mi nínú nígbà yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi kì í tètè bínú. Àwọn ará ilé mi máa ń sọ pé bí ilé bá ń jó, bàtà mi ni màá kọ́kọ́ wá. Òótọ́ ni. Ẹni tí kò wọ bàtà ò lè gbé omi dé ibi iná. Ṣùgbọ́n ìbínú ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ṣì wà lọ́fun mi bí egungun ẹja.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló dá ìrìn náà sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn nípa aṣálẹ̀ ní ilé ìwé, ó sì ti ń yọ bàbá ẹ̀ lẹ́nu láti ìgbà òtútù pé òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i: iyanrìn lọ súà, igi ẹlẹ́gùn-ún, ẹranko tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Bàbá ẹ̀ ṣèlérí pé àwọn máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè yìí, níbi tí aṣálẹ̀ gidi wà. Wọn ò fún un láyè lẹ́nu iṣẹ́. Ni olùkọ́ ọmọ náà bá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yẹn ò dìgbà ọkọ̀ òfuurufú. Ilẹ̀ iyanrìn kan wà nínú káúńtì wa níbí, níbi tí wọ́n ti wa iyanrìn ìkọ́lé láyé àtijọ́ kí wọ́n tó pa á tì. Koríko ò rí ibẹ̀ hù dáadáa, ni àwọn ẹranko tó fẹ́ràn ooru bá gba ibẹ̀. Wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ síbẹ̀ kí ènìyàn lè máa rìn, kó máa wò. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ yìí ti ń pe ibẹ̀ ní "aṣálẹ̀ wa".

Ìyàwó ọmọ mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni, àìsàn ò sì mọ Sọ́ńdè. Àwa mẹ́ta la lọ: ọmọ mi tó ń wa mọ́tò, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn tó ń béèrè lọ́tùn-ún lósì bóyá a ti dé.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà láàárín èmi àti ọmọ ọmọ mi yìí. Nígbà tí mo dé láti Ọ̀yọ́, kò mọ ìrun kí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Tí àkókò bá tó, màá tẹ́ ẹní mi sí pálọ̀, màá kírun mi. Lọ́jọ́ kan ó wá dúró ó ń wò mí. Nígbà tó yá, bí mo bá tẹ̀, òun náà á tẹ̀. Mo gé ìró mi kan, mo fi rán ẹní kékeré fún un. Láti ìgbà náà, Màgàríbì kì í kọjá ká má jọ kí i, èmi àti òun, èjìká sí èjìká. Gbogbo ohun tí mo ń ṣe nínú ilé yẹn, ọbẹ̀ o, aṣọ fífọ̀ o, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á wọ̀ ọ́ dọ̀tí. Ẹní kékeré yẹn nìkan ni mo mọ̀ pé ó máa kù lẹ́yìn mi. Òun gan-an ni ọjọ́ yẹn fẹ́ẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

A gbé mọ́tò sílẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, onígi, kò sí omi ẹ̀rọ nínú ẹ̀. Mo fi ojú sí ìyẹn. A gba àárín igi páìnì kọjá, kò pẹ́ ni ilẹ̀ là gbayawu, iyanrìn funfun yọ síta, ó dà bí etí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Grandma, aṣálẹ̀ nìyí!"

"Mo rí i. Ta ló gbá a mọ́ báyìí?"

Igi ẹlẹ́gùn-ún wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sùn mọ́lẹ̀, ewé ẹ̀ pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, òdòdó orí ẹ̀ dà bí àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n. Alángbá kan dúró lórí ìtì igi, ó ń mi orí. Ọmọ yìí di ọwọ́ mi mú ṣinṣin.

"Ẹ wò ó, Grandma! Ikùn ẹ̀, búlúù ni!"

"Alángbá ni. Ní Ọ̀yọ́, igi la fi ń lé wọn kúrò lórí ẹ̀gẹ́ tí a bá sá."

Bàbá ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Màámi, àwọn èèyàn ń wa mọ́tò láti ìlú míì wá wo eléyìí o."

"Kí wọ́n wá sí ẹ̀yìnkùlé mi. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn."

Ṣùgbọ́n ohun tó mú inú mi dùn jù ni kúlúsọ. Mo rí ihò wẹ́wẹ́ nínú iyanrìn, ẹnu ẹ̀ fẹ̀, ìdí ẹ̀ tín-ínrín bí inú àrọ. Mo ní, "Áà! Ìwọ náà wá sí Amẹ́ríkà?" Mo já koríko kan, mo tẹ̀ ba, mo fi tọ́ ìdí ihò náà díẹ̀díẹ̀, kúlúsọ sì gbá iyanrìn sókè pàà bó ṣe máa ń ṣe tí èèrà bá já sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà pariwo ìdùnnú. Ọmọ mi, tó ti di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lápá Adelphi, fi orúnkún kanlẹ̀ nínú ṣòkòtò funfun.

"Màámi, ṣé ẹ rántí? Ibi mọ́sálásí ojú títì wa yẹn la ti máa ń wa kúlúsọ."

Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ẹ bá mi rántí pé ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Mọ́sálásí ojú títì tó ń wí, kò ní ògiri, kò ní òrùlé. Ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà, níbi tí àwọn onítírélà ti máa ń dúró. Òkúta ni a tò yí iyanrìn ká, a fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn fún ẹnu ọ̀nà, iwájú ẹ̀ wá yọ ikùn díẹ̀ sí gábàsì, níbi tí ẹni tó ń ṣáájú ìrun máa dúró sí. Lẹ́yìn tí bàbá ọmọ mi kú, èmi ni mo ń tọ́jú ibẹ̀. Mo ń pọn omi, mo ń rọ ọ́ sínú búútà, àwọn awakọ̀ á fi ṣe àlùwàlá, wọ́n á fún mi ní ohun tí ọwọ́ wọn bá ká. Omi búútà ló rán ọmọ yẹn dé yunifásítì. Òun ló ń gbá iyanrìn ibẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ sí ilé ìwé. Ẹnikẹ́ni tó bá sì rí òkúta tó yí iyanrìn mímọ́ ká ní ìlú wa, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún un. Bàtà ni yóò bọ́. Wèrè pàápàá ń bọ́ bàtà.

A rìn títí oòrùn fi yẹ̀ kúrò láàárín orí. Fóònù mi pèrun. Ọmọ mi wẹ̀yìn, ó wo àwọn tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Ó ń lé ẹyẹ."

"Àyílà ti tó."

"A máa kí i nílé."

Mi ò bá a jiyàn. Àyílà kì í ṣe ọbẹ̀ tí a ń gbé sínú fìríìjì. Igún méjì ń fò yí lókè, ọmọ mi àti ọmọ ẹ̀ gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú, wọ́n ń wò wọ́n. Mo sọ fún wọn pé mo ń bọ̀, mo yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí oòrùn ń pa dáadáa.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Òkúta tí wọ́n tò yí iyanrìn ká. Ó fẹ̀ tó yàrá kan. Inú ẹ̀ mọ́, kò sí ipa ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àyè wà lápá ẹ̀yìn. Iwájú ẹ̀ yọ ikùn síta, ó gba ẹ̀gbẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún kan kọjá. Mo wo òjìji mi, mo rántí ibi tí oòrùn ti yọ láàárọ̀: gábàsì gan-an ni ikùn yẹn kọjú sí.

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, àwọn èèyàn wa ti débí. Mo mọ̀ pé a pọ̀ ní agbègbè yìí, àwọn tó ń wa mọ́tò, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé ìwòsàn, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì. Mo rò pé àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn ni. Mo ṣàdúà fún ẹni tó tò ó, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣìnà. Omi mímu ló kù nínú ìgò mi, ọmọ kékeré ṣì máa mu ún, nítorí náà mo ṣe tàyàmọ́mù: mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu iyanrìn, mo fi pa ojú, mo fi pa ọwọ́. Mo bọ́ bàtà síbi àyè ẹ̀yìn. Mo tẹ́ ẹní. Mo gbé ọwọ́ sókè.

Rákà kejì ni mo wà tí mo gbọ́ fèrè, fíì, lẹ́yìn náà ohùn ọkùnrin: "Mádáàmù! Mádáàmù!" Èmi kì í já ìrun. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ mi tó ń sáré bọ̀, mo gbọ́ ti ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Òyìnbó tí mo gbọ́ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ ẹni tó ń bú mi. Ọkùnrin yẹn ò bú mi. Ó ń sọ pé ẹyin ló wà níbẹ̀, pé ìjàpá ti wá yé sínú iyanrìn yẹn, pé torí kí àwọn tó ń rìn má baà tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ṣe to òkúta. Nígbà tó ń sọ ọ́ yìí, iwájú orí mi wà lórí ilẹ̀. Ẹ kúkú rò ó wò. Mo mú ara mi fúyẹ́, bí ẹni tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tuntun, mo ń bá ìrun mi lọ.

Ni mo wá gbọ́ ohùn ọmọ mi. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, sà, ìyá mi ni. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Dókítà ló ní kó máa ṣe ẹsásáìsì, kó máa tẹ̀, kó máa dìde. Ibi tó bá ti bá a ló ti máa ń ṣe é. Ẹ mọ bí àwọn àgbàlagbà ṣe rí."

Ọmọ kékeré ní, "Daddy, ìrun ló ń kí."

"Ṣííì! Dákẹ́."

"Ṣùgbọ́n ìrun ni."

"Mo ní kó o dákẹ́!"

Mo parí ohun tí mo ń kà. Mi ò mọ bí mo ṣe kà á. Mo sàlámọ̀ sí ọ̀tún, mo sàlámọ̀ sí òsì. Apá òsì ni ọmọ mi dúró sí. Kò wo ojú mi.

Mo fi ẹsẹ̀ sínú ipa ẹsẹ̀ tí mo fi wọlé, mo fi jáde, kí n má baà tẹ ibòmíràn. Ọkùnrin náà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀, dé fìlà gbòòrò, ó tó àbúrò mi lọ́jọ́ orí. Ó ti gbé pátákó kékeré kan tó ṣubú dojú bolẹ̀ nínú iyanrìn nà ró. Wọ́n ya ìjàpá sí i lára. Mo fi ọwọ́ lé àyà, mo kúnlẹ̀ díẹ̀. "Sórì, sà. Ẹ́ẹ̀gì. Sórì." Mo ti sin adìyẹ rí, mo mọ ohun tí ẹyin jẹ́. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí wàhálà. Ohun tí mo jẹ̀bi ẹ̀ nìyẹn, mo sì bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìrun mi ńkọ́? Ta ni mo ṣẹ̀ tí wọ́n fi sọ ìrun mi di oògùn ẹ̀yìn?

A wọ mọ́tò, a bọ́ sí ojú títì ńlá. Mo ní:

"Ẹ̀yìn ta ló ń dùn ún?"

"Màámi..."

"Mo ní ẹ̀yìn ta ló ń dùn ún? Ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n ọ́ ni àbí èyí tí mo fi ru omi? Kò dùn mí rí. Àfi òní."

"Màámi, ẹ ò mọ bí ìlú yìí ṣe rí. Ẹnì kan lè gbé fóònù sókè, kó ya fídíò yín. Ó lè pe ọlọ́pàá. Irọ́ kékeré ni mo fi bò yín."

"O fi bò mí? Ìhòòhò ni mo wà ni?"

 Ó di ìdarí mọ́tò mú bí ẹni tó ń fún aṣọ. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe ń kírun níbi iṣẹ́? Inú mọ́tò yìí ni. Màá na àga yìí sẹ́yìn, màá dìbọ́n bí ẹni tó ń sùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n má kírun o. Mo kàn... mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí ni."

Ìbínú mi wá pín sí méjì. Apá kan ń bínú sí ohunkóhun tó sọ ọmọ tí mo bí di ẹni tó ń fi oorun bo Ọlọ́run mọ́lẹ̀. Mi ò mọ ilé onítọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí i bá wí. Apá kejì ń bínú sí òun fúnra ẹ̀, èyí ló sì gbóná jù. Ẹni tó ń bẹ̀rù lè dákẹ́. Ọ̀fẹ́ ni ìdákẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó da ọ̀bẹ dé e lọ́fun pé kó purọ́. Ó tún fi ẹ̀rín sí i! Ọmọ tó gbá iyanrìn mọ́sálásí, tó mọ òkúta yẹn bó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa sọ fún ọkùnrin yẹn tí gbogbo ẹ̀ á yé e.

Mo ní, "Ọmọ ẹ wà lẹ́yìn. Ó ní etí." 

Nígbà tí Màgàríbì tó, mo tẹ́ ẹní mi, mo tẹ́ ẹní kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọ yìí nà gbalaja sórí àga, ó ń wo àwòrán alángbá tó yà.

"Ó yá, wá. Àkókò ti tó."

Kò gbé ojú sókè. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú, irú ẹ̀rín tí bàbá ẹ̀ rín lọ́sàn-án.

"Ẹ̀yìn ò dùn mí, Grandma."

Bàbá ẹ̀ ń fọ abọ́ nílé ìdáná. Mo gbọ́ tí omi ẹ̀rọ dákẹ́. Mo dúró kó sọ̀rọ̀, kó kàn pe ọmọ náà lórúkọ lásán.  Omi ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Mo dá Màgàríbì kí. Mo ká ẹní kékeré, mo fi sínú tèmi.  Mo ti rí irọ́ rí. Èmi náà ti gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo mọ onírúurú òpùrọ́ tí mọ́tò ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí irọ́ tó rin ìrìn kíákíá bẹ́ẹ̀, láti ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, láti ẹnu bàbá dé ẹnu ọmọ. Tí mo bá fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kan, ó ti fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Oúnjẹ tó jóná, ojú ẹsẹ̀ la ń ha ìdí ìkòkò.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ ìsinmi ni fún gbogbo ìlú. Mo kí àsùbáà. Mi ò dáná. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ funfun mi, mo rọ omi sínú ìgò ńlá, èyí tó tó mímu tó tún tó àlùwàlá. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò níbi tí wọ́n ń fi í kọ́, mo wọ gáréèjì, mo ṣí mọ́tò, mo jókòó síwájú, mo gbé ẹní lé ẹsẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó rí mi.

"Màámi! A ti wá yín káàkiri ilé! Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"A ń padà lọ sí aṣálẹ̀."

"Lónìí? Màámi, koríko ni mo fẹ́ gé."

"Koríko ò ní sá lọ. Ibi tí o ti pa irọ́ yẹn, ibẹ̀ náà lo ti máa kó o. Lọ pe ọmọ ẹ. Ojú ẹ̀ lo ṣe pa á, ojú ẹ̀ náà lo ṣe máa kó o."

"Tí ọkùnrin yẹn ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

"A máa dúró dè é."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ nínú ilé. Màá bá ọmọ mi sọ̀rọ̀."

"Mo ti de bẹ́líìtì."

Ó wò mí. Ó mọ̀ mí. Ó lọ pe ọmọ ẹ̀.

Èrò pọ̀ níbẹ̀ ju ti àná lọ, mọ́tò kún ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọkùnrin onífìlà gbòòrò wà níbẹ̀. Ó ń fa okùn láti igi kan sí èkejì yí agbo òkúta náà ká. Mo mọ̀ pé tìtorí tèmi ni. Mo dúró síbi tí mo ti lè gbọ́. Mo pe ọmọ kékeré kó dúró tì mí, kó máa túmọ̀ èyí tí kò bá yé mi.

Ọmọ mi wo iyanrìn, ó ń sọ̀rọ̀ sínú.

Mo ní, "Kò gbọ́. Sọ ọ́ sókè."

"Sà, èmi ni mo wá lánàá. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ̀yìn ò dun ìyá mi. Ìrun ló ń kí. Mùsùlùmí ni wá."

Ọkùnrin náà gbé okùn sílẹ̀. Ó dáhùn, mo sì wo ẹnu ọmọ kékeré.

"Grandma, ó ní òun mọ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan níbi iṣẹ́ àtijọ́ máa ń kírun lẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù wọn. Ó ní bẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ báyìí ni òun ti mọ̀. Ìyẹn ni òun ò fi fọn fèrè mọ́, tí òun dúró dè yín."

Ó mọ̀! Mo wo ọmọ mi. Ojú ẹ̀ ti pọ́n. Irọ́ tó pa nítorí ẹ̀rù, tó fi ẹ̀rín sí, tó fi ìyá ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kò tan ẹni tó pa á fún. Nínú gbogbo ayé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nìkan ló rí kọ́ nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé nínú ilé la wà ni, ọ̀rọ̀ tí màá sọ, ògiri á gbọ̀n. Mo gbé e mì.

Ọkùnrin náà béèrè kí ló gbé mi wọ inú òkúta. Mo wo ọmọ mi pé òun ló kàn. Ó kọ́kọ́ ń fà á lẹ́nu, lẹ́yìn náà ó ń sọ ọ́: títì, tírélà, òkúta, búútà, ìgbálẹ̀ àárọ̀. Ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ikùn iwájú tó yọ sí gábàsì. Ọmọ ẹ̀ ń wò ó, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, bàbá ẹ̀ ò sọ ọ́ fún un rí.

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ó fi ìka tọ́ ibi títẹ́jú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní kò sí ẹyin kankan níbẹ̀.

Àyílà ti tó. Mo fi omi ìgò ṣe àlùwàlá níbẹ̀, lójú gbogbo èrò. Mo tẹ́ ẹní mi. Mi ò pe ẹnikẹ́ni.

"Grandma, ẹní mi dà?"

"Ó wà nínú tèmi. Ó yọ síta bí mo ṣe tẹ́ ẹ. Ọwọ́ ẹ ò kúrú."

Mo da omi sí i lọ́wọ́, ó ṣe àlùwàlá, ó gbé ẹní ẹ̀, ó tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A gbé ọwọ́ sókè. Bí a ṣe ń kí i lọ, mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, mo gbọ́ obìnrin kan tó dúró béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi bóyá kò sí wàhálà.  

"Kò sí wàhálà," ó ní. "Ìyá mi àti ọmọ mi ni. Wọ́n ń kírun."

A sàlámọ̀ sí ọ̀tún, a sàlámọ̀ sí òsì. Ọmọ mi wà lápá òsì, bàtà ẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Mi ò sọ fún un pé ó ṣe é dáadáa. Ẹni tó san gbèsè, a kì í yìn ín. Inú ṣì ń bí mi, mo sì jẹ́ kó rí i lójú mi.

Mo dìde, mo gbọn iyanrìn kúrò lára ẹní méjèèjì, mo gbé wọn fún ọmọ mi. Ó fẹ́ẹ́ kì wọ́n sínú báàgì.

"Má kì í sínú báàgì," mo ní. "Gbé e léjìká."

Ó gbé e léjìká. Mo di ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ mú, a ṣáájú, ó ń tẹ̀ lé wa, a gba àárín gbogbo èrò yẹn kọjá lọ sídìí mọ́tò.